Larai Mẹ́jọ

Ní ojú ìwé kìíní, Larai ní èjí lẹ́nu.
Ó gbé ìdì igi kékeré lé èjìká
bí àwọn Gbàgyí ṣe ń ru ẹrù wọn láti ìwáṣẹ̀,
ó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè Ushafa,
eruku ọyẹ́ funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó tẹ èlùbọ́ mọ́lẹ̀.
Mo ní, "Ẹ̀rọ, o káre."
Mo pa fóònù, mo sùn.

Ní ojú ìwé kejì, èjí ti dí,
ẹrù ti gun orí.
Ní ìkẹta, ó ti tó ọmọ ogún ọdún,
ó lé tìróò, ó wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga
lójú ọ̀nà odò.
Ní ìkẹrin, ó pupa bí epo.
Ní ìkarùn-ún, ìka ọwọ́ rẹ̀ di mẹ́fà.
Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Olùkọ́ kíláàsì kejì ni mí ní Bwari.
Ìwé àwòrán ni mo ń ṣe fún ọmọ mẹ́tàlélógójì
tí wọn kò tíì rí ara wọn nínú ìwé kankan rí.
N kò mọ àwòrán yà. Mo ya ewúrẹ́ lọ́jọ́ kan,
wọ́n ní, "Olùkọ́, àga yẹn dára."

Gambo tó ń tún fóònù ṣe ní Dutse-Alhaji ló là mí lóye:
"Ẹ̀rọ yẹn kò ní ìrántí.
Gbogbo ìgbà tó o bá kanlẹ̀kùn, àlejò ló máa ṣí i.
To àmì ara ọmọ náà sílẹ̀, má yí ọ̀rọ̀ kan padà.
Fi àwòrán àkọ́kọ́ hàn án, kó o ní: ẹni yìí ni, kì í ṣe ẹlòmíràn.
Nọ́ńbà kan sì wà tí wọ́n ń pè ní irúgbìn.
Gbìn ín. Òun náà ni kó o máa gbìn."

Mo tò ó: ọmọ ọdún méje, ó dúdú bí ìdí ìkòkò,
èjí, àpá iná ní ìgbọ̀nwọ́ òsì,
aṣọ ilé-ìwé aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì kejì ti já.
Mo gbìn ín.
N kò rí ibi tí wọ́n ti gbin ẹ̀wà tó hu àgbàdo rí
àfi inú fóònù mi.
Àpá kúrò ní ìgbọ̀nwọ́, ó lọ sẹ́rẹ̀kẹ́.
Ó padà sí ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún.
Mo ń lé àpá kiri títí jẹnẹrétọ̀ onílé fi kú.
"Èjìká ni kó gbé e lé," mo kọ. "Èjìká!"
Ó fi èjìká kẹta kún un.

Lóṣù tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ìdánimọ̀,
wọ́n ní ojú mi kò bá ojú mi mu.
Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.
Lóru yìí mo jókòó nínú òkùnkùn,
mo ń wo ọmọ mẹ́jọ tí wọn kò bára tan,
orúkọ kan ṣoṣo lọ́rùn wọn bí okùn ewúrẹ́.

Ọjọ́ Ajé tí a wọlé sáà kejì,
Larai gan-an dé, ẹni tí mo jí orúkọ rẹ̀ lò.
Wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro nítorí làpálàpá.
Eyín iwájú ti ká, èjí ti di fèrèsé.
Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀, ó ń wọ́lẹ̀,
gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ pé.
Mo wo ìwé mi, mo wo ọmọ.
Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Ta ni ọ́?"
Hasiya kàn sún ìdí díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì,
ó na ààbọ̀ kúlíkúlí sí i,
ó ní, "O pẹ́."